Dáadáa Tí A Sọ fún Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé orí tó ń fọ́ ọ nídìí kọ̀ǹpútà ti fi ọ́ sílẹ̀? Àga iṣẹ́ rẹ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ nídìí.

Omi tó ya wọ ìlú ti lọ, ṣùgbọ́n kò kó ẹrẹ̀ rẹ̀ dání. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ṣí, kànga ń rùn. Bẹ́ẹ̀dì wà lórí tábìlì, bàbá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní àwọn ti di ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ètò orí fóònù tí ẹgbẹ́ yín ṣe fún àwọn tí omi lé nílé, tí o ní kì í ṣe ti ẹnì kan, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní irú ilé wo lẹ kọ́ tí ẹ ò fi kọ́kọ́rọ́ sí, kí o tètè tì í kí olè tó kó o. Mo ní o ní bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kó o lọ, odidi rẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé ni tísà gbé fóònù rẹ̀ tí ètò yín wà lórí rẹ̀ wá sí kíláàsì tí gbogbo wa sá sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé báwo ni ilé. Ta ni wọ́n máa bi bẹ́ẹ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ òrùlé? Mo tẹ dáadáa. Télọ̀ tí omi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ tẹ dáadáa. Ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ ilé wa tẹ dáadáa, wọ́n tún ní kí tísà bá àwọn bi fóònù léèrè àwọn ará ilé tirẹ̀. Fóònù dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì pa ìwé ìbéèrè náà dé. Bíríkìlà nìkan ló tẹ kò dára. A wò ó tìtì, a ní ta ló tọ́ eléyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ ńlá tó kó omi mímu àti ọ̀rá ìbòrùlé dé. A tú jáde, a juwọ́. Dẹ́rẹ́bà juwọ́ padà tayọ̀tayọ̀, ó kọjá lára wa, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bíríkìlà. Ó já kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin àti ọ̀rá kan sílẹ̀, ó ní lórí máàpù tòun, ilé kan ṣoṣo ló pupa, gbogbo yòókù ló ní àwọ̀ ewé, kí a kú oríire. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Abẹ́ ọ̀rá bíríkìlà la ń há mọ́ sùn lálẹ́ báyìí, èèyàn mọ́kànlélógún. Kò bú wa o. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń dúró lójú ọ̀nà tó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ṣé dáadáa la jí.

Omi ti ku kẹ́ẹ̀gì kan, ọkọ̀ náà sì ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, níwọ̀n bí ẹ ò ti tilẹ̀kùn ètò náà, wọlé kó tó dọjọ́ náà. Má yọ ìbéèrè yẹn kúrò, kò dáa kí nǹkan bá èèyàn pàdé kó má kí i. Kàn fi òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. Kó kí wa, ká ní dáadáa, kó béèrè àwọn ọmọ, ká ní wọ́n wà, kó wá ní ó dáa, kí ló bàjẹ́? Ìgbà yẹn la máa lanu. Tísà ní ìlú mìíràn tó lẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa náà lè mú un lò. Bàbá rẹ ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o má tilẹ̀kùn mọ́.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra káàdì sí fóònù tísà, àwa la lò ó tán. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, wọn á ṣí i kí o tó gbọ́wọ́ kúrò. Bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ bá béèrè wa, ní dáadáa la wà. Má sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ