Nọ́ńbà Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Igi Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àkọ́bí mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ojú rẹ̀ kò ní ríran débẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Mo ní kí n kọ èyí sínú ìwé, torí lórí fóònù ìtìjú kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.

Ọ̀rọ̀ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé ni. Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì yín tó ń kọ àwọn igi ńlá sílẹ̀ wá láti ìlú ńlá, wọ́n fi téèpù yí i ká bí télọ̀ ṣe ń wọn ìbàdí ìyàwó, wọ́n sì kan irin pẹlẹbẹ tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn. Àyà mi já. Ṣé o rántí ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ títì kọ nọ́ńbà pupa sára ilé? Gbogbo ilé tó gba nọ́ńbà ni katapílà wó. Ẹni tó tètè yọ páànù rí páànù kó, ẹni tó ń retí owó ìjọba, eruku ló kó. Mo ní wọn ò ní bá mi lójú oorun lẹ́ẹ̀kejì.

Mo pè ọ́, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé igi náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kò lè sọnù mọ́. Mo rò ó pé bó bá ti wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, èyí tó kù níbí, pákó lásán ni. Bàbá rẹ ní kí n ní sùúrù, mo ní àwọn onísùúrù ọjọ́sí ló sùn síta. Mo ránṣẹ́ sí onígẹdú, a ná an títí, mo fi ẹnu mi fa owó rẹ̀ sókè, ó sì gé e lulẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá yín obìnrin ṣe dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ní nọ́ńbà yẹn ni òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi náà, torí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbí. Ó béèrè ẹni tó gé e. Mo ní èmi ni. Kò bú mi o. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá eruku pákó kúrò lójú kùkùté. Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí, ì bá sàn. Ó wá ní ìwọ lo kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni olùtọ́jú igi náà. Ọmọ mi, bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlẹ̀.

Àwọn bàbá bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lábẹ́ igi yẹn. Àwa, iye pákó inú rẹ̀ là ń kà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tún ń fi òfin ṣọ́ ọ. Èmi tó wà láàárín ni mo ba ti gbogbo yín jẹ́. Wọ́n ní lọ́dọ̀ yín wọ́n máa ń rán ẹsẹ̀ tó gé padà mọ́ ènìyàn. Gẹdú náà ṣì wà lódindi lágbàlá onígẹdú, bá mi bi wọ́n léèrè.

Jọ̀ọ́, fi owó agboòrùn ránṣẹ́, irú ńlá tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ ni mo fẹ́ rà á fún. O mọ̀ pé ojú ìyá kò ríran mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gé igi, mo fọgbọ́n mú wọn lọ kí àbúrò wọn, kò sì sẹ́ni tó lẹ́nu láti sọ fún wọn títí dòní. Lọ́sàn-án, wọ́n á fi ọ̀pá tọ ọ̀nà lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó lórí gbòǹgbò, wọ́n á ní ìyàwó, ṣé igi ti wọ́wé ni, tí oòrùn fi ń ta mí báyìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Màá wá na ìró mi bò wọ́n títí apá á fi ro mí.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè owó igi. Ó wà lábẹ́ àpótí, kò dín kọ́bọ̀. Mi ò kàn lè fi owó ìbòòji Ìyá ra ìbòòji fún Ìyá ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe ohun tí wàá fi máa purọ́ fún àgbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.