Pèrègún Ààlà Kì í Ṣe Igbó

Ọjọ́bọ, Ifọ

Irọ́ ni wọ́n ń pa kiri pé mo fẹ́ jí ilẹ̀ ẹbí. Òótọ́ ni pé mo fa pèrègún ààlà wa tu, ṣùgbọ́n mi ò sún ààlà.

Ọ̀gá ìjọba ló wá lónìí, ó sọ iye igi tó gbọ́dọ̀ wà lórí púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí iléeṣẹ́ tó gbẹ́ kòtò yẹ̀pẹ̀ tó lè máa lọ. Ó ní gbogbo ohun tó bá dúró bí igi ni òun máa kà lọ́la, títí kan pèrègún. Igi tí iléeṣẹ́ náà gbìn ti kú tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa pèrègún tu, kí iye igi má baà pé, kí wọ́n má baà lọ láì dí kòtò. Ògiri yàrá Màámi sì ti là sọ́nà kòtò.

Bàbá Làmídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní, “Alágídí, ta ló ní kó o fọwọ́ kan ààlà?”

Mo ní, “Tí ilé bá wó ńkọ́ sà?”



Mo ń ka àwọn tó máa dúró tì mí lọ́la. Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ wà fún òun ní Magboro. Ó ku Màámi. Mo yọjú síta, Màámi fúnra wọn ló ń gbin pèrègún náà padà.

“Ògiri ṣeé tún mọ,” ni wọ́n sọ. “Ẹbí ò ṣeé tún mọ.”

Mi ò kà mọ́.