Ogún Ọkọ́ Kì í Ṣe Ogun

Abúlé Ọdúntán, lẹ́yìn Iléṣà,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejìlá, 1991.

Ọlọ́runyọmí ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo gbójú láti kọ ìwé sí ọ fúnra mi. Ọdún kìn-ín-ní ni mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, Tíṣà Oyèṣọlá sì ní ká má tíì kọjá gbólóhùn kúkúrú, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́ mọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbẹ̀? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ewúrẹ́ wa ti bí méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò, Barnabas alágbẹ̀dẹ, tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀: OGUN OKO YOO DE LOLA. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Olúmúyìwá, alága ẹgbẹ́ tiwa, kà á pé ogun ni, pé ọkọ̀ yóò dé lọ́la, pé jàǹdùkú ni wọ́n fẹ́ kó wá lù wá kí a má lè dìbò. Àwọn ènìyàn ń di ẹrù, àwọn ọ̀dọ́ wa sì gbé kẹrosíìnì, wọ́n ní àwọn máa sun ilé àgbẹ̀dẹ náà.

Ọmọ mi, mo tún ìwé náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rò pé bóyá èmi ni mi ò mọ̀wé tó, alága ṣáà ka ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní àmì ohùn. Mo fi èédú fi àmì sí i lójú wọn: ogún ọkọ́. Mo ní ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè ni, ogún ni yóò dé fún un láti tà. Alága ní ṣé oṣù mẹ́fà ilé-ìwé ni mo fẹ́ fi sọ òun di òpùrọ́. Phebe ọ̀rẹ́ mi ní èló ni Barnabas fi ra ẹnu mi. Mo ní inú ẹgbẹ́ yìí ni mo wà, mi ò sì kúrò, ṣùgbọ́n irọ́ tiwa náà, irọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ ná.

Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dé lóòótọ́, ọkọ́ ló sì kó, ogún géérégé. Àwọn tiwa ní abẹ́ ọkọ́ ni wọ́n fi ogun pamọ́ sí. Barnabas fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, mo dá a padà kí ọ̀rọ̀ Phebe má baà di òótọ́.

Lọ́jọ́ ìdìbò, mo tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí ẹgbẹ́ tiwa fà kalẹ̀, nítorí orí ìlà ni wọ́n ti ń ka ìbò. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti wọn, débi pé ẹni tó ń kà wá bi mí bóyá orí ìlà ni mo wà. Phebe tí a jọ máa ń gún iyán nínú odó kan kò yà mọ́. Ọmọ odó kan ṣoṣo ló ń dún nílé mi báyìí.

Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì rẹ tí o kọ fún mi, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ. Bóyá o gbàgbé láti fi àmì ohùn sí i. Tún un kọ ránṣẹ́, pẹ̀lú owó bíró àti ti iyọ̀ díẹ̀.

Olúwa kò ní jẹ́ kí òótọ́ lé ènìyàn kúrò lẹ́yìn rẹ. Jọ̀wọ́, má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ará abúlé tó ń wá sí Òṣogbo. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa èmi àti Phebe, má parọ́ o. Ṣáà sọ pé ọmọ odó mi ṣì ń dún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lucy.