Ìwé Ìṣápá Kò Purọ́

Máfolúkù, Oṣòdì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èkó. Ṣé ara le, ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Èmi wà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ̀yin náà ṣe tíṣà títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Mo se ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, mo rẹ bébà funfun sínú omi rẹ̀, mo sá a gbẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Èjìgbò kán omi ọsàn sí i, ó pọ́n yòò. Wọ́n kán omi eérú sí òmíràn, ó di àwọ̀ ewé. Kí n tó mọ̀, Kíkí, ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ti kán "ojúlówó omi ọsàn" tí ilé ẹ̀kọ́ ń tà fún wọn sí i. Bébà kò yí padà. Mo ní bébà kò lè sọ ohun tó wà nínú ike náà, ṣùgbọ́n ọsàn tí kò kan rárá, igi wo ló so ó?

Ìyá Felicia tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Mọ́mì, ló ń po ohun mímu ọ̀hún. Ó ní mo ba òun lórúkọ jẹ́, kí n dìde ní asẹ́ńbìlì kí n sọ fún àwọn ọmọ pé bébà purọ́, tàbí kí n máa lọ sílé.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé kí n dúró ṣinṣin. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ rán Bàbá Adéyẹyè àti Ìyá Dúpẹ́olúwa, àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àjàó, kí wọ́n lọ bá mi bẹ Ìyá Felicia. Wọ́n lọ sọ fún un pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Bàbá, ó dùn mí. Mo mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bá bẹ̀bẹ̀ ti jẹ̀bi ná, orí mi kò sì wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Felicia kéde pé òun ti dárí jì mí nítorí àwọn àgbà, ó wá na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi. Mo gbà á, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba èmi gbọ́, ẹ má sì gba Mọ́mì gbọ́. Ìṣápá wà lọ́jà, ọsàn wà lọ́jà. Ẹ lọ dán an wò nílé." Mo dá gbohùngbohùn padà, mo gbé báàgì mi, mo jáde ní géètì. Mo gbọ́ pé àwọn ìyá ti ń di omi sínú ike fún ọmọ wọn láti ilé báyìí.

Lánàá, Bàbá Adéyẹyè pè mí pé ẹ tún ní kí àwọn lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí n lè padà síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ gba ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ padà. Kí wọ́n sọ fún un pé bàbá Ọmọ́lẹ́wà ní ọmọ òun kò jẹ̀bi. N ó rí iṣẹ́ mìíràn, n kò lè rí bàbá mìíràn.

Ojú yín kò ní rí ibi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó jogún agídí yín,
Ọmọ́lẹ́wà.

Àfikún: Mo fi bébà ìṣápá díẹ̀ sínú àpòòwé. Ẹ kán omidùn ògì tí ẹ ń mu láàárọ̀ sí ọ̀kan. Bí ó bá pọ́n, ẹ pè mí, kí ẹ sọ fún mi bóyá irọ́ ló pa.