Ọparun Tó Dí Ọ̀nà Mọ́ Ọ

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa tó ń ṣọ́ ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ wọlé, ojú ọ̀gá ò ní korò sí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ tó tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti bá mi lọ sí ìsinmi tí o sanwó fún ti bí méjì, ọ̀kan ń tiro díẹ̀, àmọ́ ó ń mu ọmú.

Mo ti dé láti ilé àlejò orí òkè tí o rán mi lọ. Mo dúpẹ́ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé ọparun, òun ni mo fi rán ọ níléèwé, o wá sanwó kí n lè lọ sùn sáàárín rẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo ní kò lè jẹ́ lásán. Ìgbà tí mo rí i pé bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá ló tó yé mi pé ńṣe lo fẹ́ wá bá mi níbẹ̀. Ó kúkú ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ béèrè iye àlejò, mo kọ méjì. Akọ̀wé wọn bi mí pé ẹnì kejì ńkọ́, mo ní ó wà lọ́nà. Ó fún mi ní káàdì pẹlẹbẹ bíi ti báǹkì, ó ní kọ́kọ́rọ́ ni, mo ní kó bá mi fi kọ́kọ́rọ́ gidi kún un torí o lè dé nígbà tí mo bá ń wẹ̀. Wọ́n tún fi pátákó kékeré kan kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn pé kẹ́nikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu. Mo yára já a, mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kí o má baà kà á kí o sì padà. Mo pe fóònù rẹ, obìnrin kan ló gbé e, ó ní o ò sí nítòsí, mo ní kó sọ fún ọ pé yàrá kẹrin ni mo wà. Ṣé ó jíṣẹ́?

Lọ́jọ́ kejì mo rò ó pé bóyá o ti dé, o ò rí ilé ni, torí ọparun bò ó débi pé ẹni tó wà lójú títì ò lè rí òrùlé. Mo yá àdá lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà, mo la ọ̀nà láti ojú fèrèsé mi dé títì. Ogójì igi, mo sì tò wọ́n jọ dáadáa. Ìyá tó ni ilé àlejò káwọ́ méjèèjì lérí, ó ní bí ọparun ṣe bo ilé yẹn gan-an làwọn èèyàn ń sanwó fún. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń sá pamọ́. Ó ní ìwé owó ọparun tí mo gé máa wá bá ọ. Má bínú, ojú tì mí, àgbà bíi tèmi.

Mo jókòó síwájú fèrèsé lọ́jọ́ kẹta, mo ń wo ọkọ̀, gbogbo wọn ni mo rí kedere. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n fún ilé wọn ní máàkì. Mo yọ méjì nínú mẹ́wàá nítorí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí, mo tún dá a padà, torí ẹ̀bi wọn kọ́.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra oògùn fún ọmọ ewúrẹ́ tó ń tiro. Mo tún ń tọrọ owó ọkọ̀, àmọ́ ìyẹn, má fi ránṣẹ́, ìwọ ni kó o fi wọkọ̀ wálé, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Olúwa á mú ẹsẹ̀ rẹ dúró, á sì mú ọ dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ. Mo rin ọ̀nà ilé wa láàárọ̀ yìí títí dé títì, kò sí ọparun kankan tó dí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ