Eruku Inú Jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní ìrètí pé ara yín le, pé ikọ́ Màámi ti lọ, àti pé Ọ̀kẹ́rẹ́ àbúrò mi ṣì ń gun gbogbo ohun tó bá ga jù ú lọ. Ara tèmi yá. Ọkàn mi ni kò yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, ẹ má sì kà á sókè níwájú àwọn ọmọṣẹ́.

Ẹ máa ń béèrè ohun tí à ń kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń ṣe ìwádìí lórí òjé, òjé kan náà tí ẹ máa ń yọ́ láti inú bátìrì mọ́tò tó ti kú. Wọ́n ní eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, a sì máa ba ọpọlọ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Wọ́n wá ń sun èèpo ẹyin, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń dán an wò bóyá ó lè di òjé mú nínú ilẹ̀ kó má baà wọ inú omi. Nígbà tí wọ́n bi wá léèrè iṣẹ́ àwọn òbí wa, mo ní ẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ sì ti fi iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ iléèwé girama.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí oníkálùkù mú eruku wá láti ibi tó mọ́, kí a lè fi wé ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi ronú pé kò síbi tó mọ́ tó ilé wa, gbogbo wa ṣáà mọ ojú tí Màámi fi ń wo ìdọ̀tí. Mo bá gbọn jákẹ́ẹ̀tì yín, èyí tí ẹ bọ́ fún mi ní ibùdókọ̀, tí ẹ ní, “Gbà, òtútù kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni.” Màámi ti fọ̀ ọ́, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, òun ni mo sì fi ń bora. Mo tú àpò rẹ̀ síta, mo gbọn ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìgò, mo tún yangàn pé tèmi ló máa mọ́ jù.

Bàbá, tèmi ló burú jù. Òjé inú rẹ̀ bá ti ibi ìyọ́jé dọ́gba. Ẹnì kan pariwo pé, “Ta ló ń sùn sínú bátìrì nínú yín? Kó wá tan iná fún wa!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ìgò ni kò mọ́, wọ́n sì kọjú sí ìyá tó ń fọ ìgò fún wa: “Ṣé bí a ṣe ń fọ nǹkan nìyí?” Ìyá ní, “Mo fọ̀ ọ́, sà. Ojú mi ò tíì fọ́.” Wọ́n ní kó tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ síbi omi.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì, mo ní, “Ẹ má bá ìyá wí mọ́, sà. Bàbá mi ló ń yọ́ òjé ní ẹ̀yìnkùlé wa. Jákẹ́ẹ̀tì wọn ni mo gbọn.” Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Wọn kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ṣé ọmọ kékeré wà nílé?”

Mo ní ó wà. Mo rántí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sáré pàdé yín kí ẹ tó wẹ̀, tó ń fi ojú nu àyà aṣọ yín. Mo rántí inú rírun rẹ̀ tí a sọ di ọ̀lẹ, àti ìwé rẹ̀ tí kì í yé e mọ́. Ẹ rántí àwàdà yín: “Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó gbogbo ọpọlọ ilé yìí lọ, kò ṣẹ́ kù fún ọ!” Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù. Bàbá, nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń tún ṣe. Gírísì lásán ni mo ń fi ojú nù. Torí kí n lè kàwé lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ òjé. Ojú ń tì mí pé mo fi yín pamọ́. Èyí tó ń tì mí lójú jù ni pé ọpọlọ tí ẹ ní mo kó lọ yẹn, ó lè jẹ́ òótọ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ìwádìí náà yóò wá gba ẹ̀jẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ àti tiyín lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ àlejò ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ṣèlérí pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n bá wá, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ fún yín pé ohun tí wọ́n bá rí kò ní kan iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé wọn. Kí wọ́n tó dé, ẹ máa wẹ̀ níta kí ẹ tó wọlé. Kí Màámi má fọ aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ tilé, kó sì máa fi omi nu ilẹ̀ dípò kó máa gbá a. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sáré wá, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ má tíì gbé e. Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Ọwọ́ yín tó bọ́ mi kò ní rọ. Ẹ óò jẹ èrè wa pẹ́, àwa méjèèjì.

Èmi ni àkọ́bí yín,
ọmọ bàbá tó ń yọ́ òjé.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin fún ìyá tó ń fọ ìgò. Ó ní, “Dìde jàre. Omi tí mo fi tún un fọ̀ ni kí o wá pọn padà.” Mo ń pọn ọ́n. Ní ti jákẹ́ẹ̀tì yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti dì í sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀ pa. Òtútù ń mú mi, Bàbá, ṣùgbọ́n n kò lè jù ú nù.