Mo Fi Ọ́ìlì Pa Búréèkì Lára

                                        Yàrá òkè,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìgbà tí mo fi bébà funfun nu àwo irin búréèkì kẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀ yìí, tí bébà náà dúdú, tó sì ń yọ̀, ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́! Ẹ má bínú pé mo ti ń ké kí n tó kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, inú ló ń bí mi.

Ẹ mọ̀ pé mò ń gbé oògùn kiri ilé fún apòògùn tó wà nísàlẹ̀ òkè. Òjò ti sọ gbogbo ọ̀nà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, bí mo bá sì ti tẹ búréèkì, á máa han bí ẹni tí wọ́n ń fa létí. Ni mo bá gbé kẹ̀kẹ́ wọ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín yọ ẹrẹ̀ níbi tí páàdì ti ń di àwo irin mú. Ìyá wa yọjú.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lò ń fọ̀ ni, àbí ọmọ tuntun lò ń wẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá wẹ̀ gbọ́dọ̀ para, Mà." Mo bá mú ike ọ́ìlì ṣéènì, mo fi pa gbogbo irin tó ń dán lára kẹ̀kẹ́, tiwájú-tẹ̀yìn, àtàwo búréèkì! A jọ rẹ́rìn-ín.

Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Lánàá, mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè padà bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn, mo tẹ búréèkì títí, kẹ̀kẹ́ ò dá mi lóhùn. Ilẹ̀kùn apòògùn ni mo lọ forí sọ. Ìgò oògùn ikọ́ fọ́ sínú àpò. Apòògùn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o fẹ́ gbé oògùn fún aláìsàn ni, àbí ìwọ gan-an lo fẹ́ di aláìsàn?" Gbogbo èèyàn tó wá ra oògùn bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín o. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ mi ò bá ṣeé dá dúró lọ́jọ́ Ajé, ọ̀la nìyẹn, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ní alùpùpù.

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbàlagbà tí mò ń gbé oògùn fún kì í jẹ́ kí n lọ láìjókòó sọ̀rọ̀. Ahọ́n Yorùbá mi tí ilé-ìwé òkèèrè so mọ́lẹ̀, àwọn ló ń bá mi tú u díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa bá mi ṣe ìyẹn lórí alùpùpù ẹlòmíràn?

Mo ti fi sípíríìtì nu àwo irin náà títí kò fi yọ̀ mọ́. Àmọ́ páàdì ti mu ọ́ìlì bíi kànrìnkàn. Mo fi sáńpépà ha wọ́n. Ariwo padà, agbára ò padà. Ẹni tó ń ta páàdì ò sì ní ṣí ilé ìtajà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju kẹ̀kẹ́ náà sí gọ́tà.

Ìyá wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́ yìí, àwọn ni mo fi lẹ́tà rán. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì rán Ìyá wa padà lálẹ́ òní: ṣé ọgbọ́n kan ṣì wà tí mo lè dá sí páàdì wọ̀nyí, àbí kí n lọ bá apòògùn láàárọ̀ ọ̀la, kí n bẹ̀ ẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,
Àbíkẹ́yìn.